Ìyá mi ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, àkáǹtì tèmi ni owó ọjà wọn ń wọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Elélùbọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí.

Mọ́mì mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà nídìí ọjà náà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n mọ̀. Ọdún 2023 ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Ẹ rántí pé October 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi máa di February 2023, owó ti dàwátì nílùú. Oníbàárà á dúró níwájú ìsọ̀, á fẹ́ rà, kò ní rówó tó máa fi rà. Èlùbọ́ wà nílẹ̀ títí kòkòrò fi wọ̀ ọ́. Nígbà tó sú wa, mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi sára páálí, mo fi okùn so ó mọ́ òpó ìsọ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 3 March 2023 pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́, owó sì padà sígboro, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa ti mọ́ tíráńsífà lára. Páálí yẹn ṣì wà lórí òpó títí dòní.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ rèé. Tíṣà ni mí. Bí ẹnì kan bá ti sanwó, Mọ́mì á pè mí: "Ṣé ó ti wọlé?" Ó lè tó ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́, mi ò sì lè máa gbé fóònù nínú kíláàsì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, obìnrin kan ra kóńgò mẹ́fà, ó sanwó, ó dúró títí, mi ò gbé ìpè. Mọ́mì ò jẹ́ kó gbé ọjà lọ. Obìnrin náà bínú, ó sọ̀rọ̀ sí wọn lójú gbogbo ọjà. Owó náà ti wọlé láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Aago méjì ni mo tó rí i lójú fóònù mi, omi bọ́ lójú mi.

Yàtọ̀ síyẹn, owó wọn àti owó oṣù mi ti dàpọ̀. Mo ti ná nínú owó wọn rí láì mọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ní tiwọn, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Owó tí mi ò fọwọ́ kà, ṣé owó nìyẹn?" Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, wọn ò sì kàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá òbí yín gba ọ̀nà yìí kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Aláta Ọjà Ọba, Òṣogbo

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ń ta ata gígún níbí, mi ò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta, torí náà ohun tí mo bá sọ, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ yé sọ pé wọn ò kàwé. Ẹni tó ti ń ta èlùbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tó ń ro owó kóńgò mọ́kànlá lọ́kàn kí oníbàárà tó gbẹ́nu sílẹ̀, ó mọ òǹkà ju èmi àtẹ̀yin lọ. Ẹ kọ 5,000 àti 500 sílẹ̀ fún wọn, ẹ wò ó bóyá wọn ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń dí wọn lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó sì wà lójú fóònù ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lọ.

Èkejì, ẹ má fi alẹ́ẹ̀tì kọ́ wọn rárá. Àwọn gbájúẹ̀ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ tó máa dà bí ti báńkì gan-an, wọ́n sì ní áàpù ayédèrú tó ń yọ rìsíìtì. Báláǹsì ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé tí mo bá dé ìsọ̀ láàárọ̀, màá tẹ kóòdù báńkì mi, màá kọ iye tó wà níbẹ̀ sínú ìwé. Ká ní ₦41,300 ni. Oníbàárà bá ní òun ti san ₦7,200. Màá tún tẹ̀ ẹ́. Tí ò bá di ₦48,500, ọjà ò kúrò níwájú mi, bó ti wù kó búra tó. Fóònù tirẹ̀ ò kàn mí, n kì í tilẹ̀ẹ́ wò ó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Owó díẹ̀ ń bá kóòdù yẹn lọ o. Wọ́n ń yọ ₦6.98 nínú kírédítì fún ìṣẹ́jú méjì kọ̀ọ̀kan. Torí ẹ̀, n kì í tẹ̀ ẹ́ nítorí ata ₦300. Ẹni tí mo bá mọ̀, màá kó ti bíi mẹ́ta mẹ́rin jọ kí n tó wò ó.

Mo Ti Ṣe Báńkì Rí

Ohun tí Ìyá Aláta sọ yẹn, ẹ dì í mú. Èmi fẹ́ sọ ti ìwé, torí pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sídìí káńtà n'Abẹ́òkúta.

Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn ìyá wa. Èyí tí mo fojú mi rí jù ni pé a máa ń dá wọn padà. Màmá á fi ọjà òòjọ́ sílẹ̀, wọ́n á tò sórí ìlà láti aago mẹ́jọ. Tó bá kàn wọ́n, ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) á yàtọ̀ sí ti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì). Àwọn tó bí wọn ò kọ ọjọ́ sílẹ̀, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn ló fún wọn ní ọjọ́ tó wù ú. Tàbí kí ọ̀kan gbé orúkọ ọkọ, kí èkejì gbé orúkọ bàbá. Tàbí kó jẹ́ ìka ọwọ́. Ẹni tó ti fi ọwọ́ bó iṣu, tó ti fi ku èlùbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ìlà ọwọ́ ẹ̀ ti parẹ́, ẹ̀rọ ò ní rí i kà. Láti 2014 ni BVN ti dé, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a ò dá ẹnì kan padà lórí nǹkan mẹ́ta yìí nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́ẹ̀mejì ò ní wá lẹ́ẹ̀kẹta, á sì ròyìn fún gbogbo ìsọ̀ tó wà láyìíká ẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Torí náà, kí wọ́n tó jáde nílé, ẹ mú ìwé NIN wọn síta, ẹ wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ẹ lọ béèrè èyí tó wà lórí BVN. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ ṣe ìyẹn ná. Lọ́dọ̀ tiwa, BVN la sábà máa ń tún ṣe kó lè bá NIN mu, torí àtúnṣe ọjọ́ ìbí lórí NIN wọ́nwó. Ti ìka ọwọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òrí pa ọwọ́ lálaalẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n sì lọ láàárọ̀ kùtù kí ọwọ́ tó kan iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sọ pé àtàǹpàkò nìkan lòun fẹ́. Kó gbìyànjú àwọn ìka tó kù.

Síìmù tó máa wà lórí àkáǹtì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn, lórí NIN tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà yín sí i, ẹ̀yin náà lẹ ó ṣì máa gba ìpè.

Ẹ bi báńkì pé ìpele wo ni wọ́n ṣí i sí. Ìpele kìíní kì í jẹ́ kí owó tó wà níbẹ̀ ju ₦300,000 lọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi ju ₦50,000 ránṣẹ́ lóòjọ́. Ẹni tó ń ra èlùbọ́ ní àpò àpò, ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa fi há. Ọjọ́ tó bá há yẹn ni wọ́n á sọ pé, "Mo ti sọ fún yín."

Owó ìfiránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn: ₦10 títí dé ₦5,000, ₦25 títí dé ₦50,000, ₦50 tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. ₦50 ti ìjọba náà tún wà tó bá ti tó ₦10,000 sókè. Ẹ ṣàlàyé èyí fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣàdédé rí i pé ₦50 dín, olè ni wọ́n máa pè é.

Oní-POS Ìwó Road

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí láti aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́.

Àwọn ìyá tí oníbàárà ti fi tíráńsífà sanwó fún látàárọ̀ á wá bá mi, wọ́n á ní kí n yọ ọ́. Gbogbo ẹ̀. Mo máa ń bi wọ́n léèrè ìdí ẹ̀, torí pé mo fẹ́ràn wọn. Ẹni tó ń já ọjà fún wọn lọ́la, owó lọ́wọ́ ló ń gbà. Alájọ, owó lọ́wọ́. Alábàárù, dírẹ́bà, ẹni tó ń gba owó ìsọ̀, gbogbo wọn owó lọ́wọ́. Owó rí ọ̀nà wọlé sínú fóònù, kò rí ọ̀nà jáde. Wọ́n á wá san ₦200 fún mi lórí ₦10,000 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yọ ₦60,000 san ₦1,200. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́, síbẹ̀ mo ń sọ fún yín pé kò dáa. Èrè orí kóńgò mélòó nìyẹn? Láti December 2024 sì ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí a má fún ẹnì kan ní ju ₦100,000 lọ lóòjọ́. Alájàpá ńlá á yọ díẹ̀ lónìí, á tún padà wá lọ́la.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé òkè ọjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Níbo ni Mọ́mì ti ń ra èlùbọ́? Tó bá jẹ́ Ṣakí tàbí Ìgbòho, ẹni yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Òun náà ní ìdí tó fi yẹ kó gbà, torí kíkó owó ńlá rìn ní ọ̀nà Òkè-Ògùn, ẹ̀mí ló fi ń wewu. Ọjọ́ tí Mọ́mì bá rí i pé owó tí wọn ò fọwọ́ kà gbé àpò èlùbọ́ mẹ́wàá wá fún wọn, ẹ ò ní wàásù mọ́.

Ọmọ Ṣàgámù

Ẹ má bínú, mi ò bá yín lọ tán.

Àǹtí mi gba gbogbo ìmọ̀ràn yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò tó máa ń ta kírédítì fún wọn ló ń bá wọn tẹ kóòdù. Wọ́n pe PIN, nọ́ńbà àṣírí wọn, sí i létí. Nígbà tó yá, ó gba fóònù náà pé òun fẹ́ bá wọn tún un ṣe, owó tí wọ́n fẹ́ fi ra epo pupa lọ́jọ́ kejì bá lọ. Báńkì ní PIN tó tọ́ ni wọ́n lò, kò sóhun táwọn lè ṣe. Oṣù méjì gbáko ni wọn ò fi rí nǹkan tà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à bá ti ṣe.

Àkáǹtì méjì ni. Ọ̀kan tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lára páálí, òun ni fóònù mọ̀. Èkejì kò ní kóòdù, kò ní káàdì, kò sí lórí fóònù kankan. Lálaalẹ́, kí ohun tó bá ju owó ọjà ọ̀la lọ bọ́ sínú èkejì. Tí gbájúẹ̀ bá wọlé, ìwọ̀nba ló máa bá. Ẹ sì ní kí báńkì dín iye tí ẹ̀rọ lè yọ lóòjọ́ kù. Wọ́n á ṣe é tẹ́ ẹ bá béèrè.

PIN: kí wọ́n yàn án fúnra wọn, kẹ́yin náà má mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro fún yín torí pé ọmọ wọn ni yín, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, àkáǹtì yín náà ló ṣì jẹ́. Wọn ò nílò kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì mẹ́rin yẹn lórí fóònù tó wà ní pípa, lójoojúmọ́, títí ọwọ́ á fi mọ ibi tó ń lọ bó ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń bu kóńgò. Kì í ṣe 1234, kì í sì í ṣe ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí.

Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n lè pe báńkì sí sára ògiri nílé. Tí fóònù bá sọnù, kí ẹnikẹ́ni tó wà nílé pè é lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì pa, kí wọ́n tó máa wá fóònù kiri.

Ará Kétu

Ẹ kú o, láti Kétu, ní Benin. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. MoMo ti MTN àti Moov Money ni à ń lò, nọ́ńbà fóònù yẹn gan-an ni àkáǹtì, kò sí pé èèyàn ń wọ báńkì. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ti tó. Àwọn ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà wa kì í pe nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́wàá tí wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n náà ni.

Ohun kan tó ràn wọ́n lọ́wọ́: owó ìyọwó. Ẹni tó ń sanwó máa ń fi owó tí wọ́n máa fi yọ ọ́ kún un, bí wọ́n bá ti jọ sọ ọ́ ṣáájú. Kò sí ẹni tó fi ń jà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún rán yín létí ti Kenya. Ní March 2007 tí M-Pesa, owó orí fóònù tiwọn, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọjà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi rà. Ọmọ tó wà ní Nairobi ló ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ lóko. Ìyá mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ọmọ ti pè é sórí fóònù kí owó tó dé, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì fi owó tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn kọ́ ọ fún oṣù kan kí ẹ tó fa oníbàárà wọ̀ ọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ilé-Ifẹ̀

Mo ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọlọ́jà kan níbí. A ti pe àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wá rí, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì àti àwòrán sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, wọ́n pín fìlà, wọ́n lọ. Kò sí ẹni tó ṣe nǹkan kan lẹ́yìn wọn.

Èyí tó ṣiṣẹ́: a mú ìyá kan tó ń ta gèlè, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, tó ti mọ̀ ọ́n lò. A jókòó yí i ká lọ́jọ́ tí ọjà ò yá. Àwa mẹ́wàá tí báńkì wa jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n má bàa yọ owó ìfiránṣẹ́ lórí ẹ̀. Ìyá gbé ₦100 sínú àkáǹtì ẹni àkọ́kọ́, ẹni yẹn gbé e fún ẹnì kejì, ó yí wa po títí ó fi padà sọ́dọ̀ Ìyá. Gbogbo wa rí i pé ₦100 náà pé. Ìyá kan pariwo nígbà tó wọlé sí tiẹ̀! Èyí tí nẹ́tíwọ̀kì fi mú ẹnì keje dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìyẹn gan-an ló wúlò jù, torí ojú gbogbo wa ló ṣe dúró, ojú gbogbo wa ló sì ṣe wọlé.

Tẹ́ ẹ bá lè rí ẹnì kan tó dàgbà bíi Mọ́mì nínú Bódìjà tó ń lò ó, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ọmọ kì í sábà kọ́ ìyá ní nǹkan láì pariwo mọ́ ọn. Mo ti pariwo mọ́ ìyá tèmi rí lórí fóònù, mo sì kábàámọ̀ ẹ̀ títí dòní.

Ọmọ Elélùbọ́

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún Mọ́mì lálẹ́ àná. Ti PIN tí èmi ò gbọ́dọ̀ mọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní "Ẹni yẹn gbọ́n."

Ìbéèrè méjì ni wọ́n ní kí n bi yín. Àkọ́kọ́, wọ́n ní tí gbogbo owó àwọn bá ń gba inú báńkì kọjá, ìjọba á máa rí i, wọ́n á wá gba owó-orí. Èkejì, tí owó bá ti kúrò lọ́dọ̀ oníbàárà tí kò sì wọlé, ta ló jẹ̀bi?

Mo Ti Ṣe Báńkì Rí

Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Ti owó-orí: owó tó wọlé kọ́ ni èrè. Ẹni tó ta èlùbọ́ ₦100,000, tó sì rà á ní ₦90,000, ₦10,000 lèrè ẹ̀ kó tó yọ owó mọ́tò. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 kì í gba owó-orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan. Ohun tó máa gbè wọ́n lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ni ìwé tí wọ́n kọ iye tí wọ́n ra ọjà sí. Àkáǹtì tí owó tiwọn àti owó oṣù yín ti dàpọ̀, òun ló ṣòroó ṣàlàyé.

Ti owó tó há: oníbàárà ló máa fi ẹjọ́ sùn ní báńkì tirẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ti jáde. Kó mú nọ́ńbà gígùn oní-díjíìtì 30 tó wà lórí rìsíìtì dání, òun ni wọ́n fi ń tọpa owó. Tí wọn ò bá dá a lóhùn, Báńkì Àpapọ̀ ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, cpd@cbn.gov.ng. Kí ó má tún fi owó kejì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí lọ́pọ̀ ìgbà méjèèjì ló máa wọlé.

Aláta Ọjà Ọba, Òṣogbo

Èmi á ní tèmi. Tí owó bá há, mo máa ń di ọjà náà, màá kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà lé e, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò ní tà á fún ẹlòmíì. Kó lọ ibi tó ń lọ, kó padà wá. Tó bá wọlé, èmi ni màá pè é. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bú mi mọ́, torí wọ́n rí i pé mi ò pè wọ́n lólè. Kí ẹ sì ní àkáǹtì ní ibi méjì, kí nọ́ńbà méjèèjì wà lára páálí. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, èkejì á ṣiṣẹ́.

Ọmọ Elélùbọ́

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Mo ní kí n padà wá ròyìn.

Ẹ̀ẹ̀mejì la lọ báńkì. Ìgbà àkọ́kọ́, ìka ọwọ́ ò wọlé bí ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe báńkì rí ṣe sọ. A fi òrí pa á fún ọjọ́ mẹ́fà, ìka kejì ọwọ́ òsì ló gbà. Ọjọ́ ìbí náà ò bára mu, wọ́n ti bá wa tún un ṣe. Síìmù wọn, NIN wọn. Àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní London, ló kọ́kọ́ fi owó sí i. Mọ́mì tẹ kóòdù lójú mi, wọ́n ka òǹkà náà sókè ní Yorùbá, wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láti mọ̀ bóyá á yí padà.

Mo rí ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọjà, tó dàgbà jù wọ́n lọ. Òun ló kọ́ wọn ní èyí tó pọ̀ jù, èmi kàn ń jókòó tì wọ́n. Ìwé báláǹsì wà nínú àpótí owó. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára pákó ìsọ̀ kí wọ́n tó dà á kọ sínú ìwé lálẹ́.

Ti òkè ọjà ló pẹ́. Alájàpá tó ń kó èlùbọ́ wá láti Ṣakí kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó ní nẹ́tíwọ̀kì abúlé táwọn ti ń ra iṣu kò dáa. Wọ́n jọ fẹnu kò pé ìdajì lórí fóònù, ìdajì lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mọ́mì fi ₦85,000 ránṣẹ́ sí i ní aago mẹ́fà àárọ̀, èlùbọ́ dé nírọ̀lẹ́. Wọn ò sọ fún mi. Ìyá ẹlẹ́wà ló ròyìn fún mi.

Páálí tèmi ti kúrò lórí òpó. Mo ti ka owó tiwọn tó wà lọ́dọ̀ mi, mo ti dá a padà pé pérépéré.

Alájọ ló kù. Ó ní òun ò gba tíráńsífà, torí náà wọ́n ṣì ń yọ ₦2,000 lóòjọ́ ní POS nítorí tirẹ̀. Kí la lè ṣe sí i?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ilé-Ifẹ̀

Mo yọ̀ gan-an ni! Ti alájọ, ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé káàdì àti owó lè má bára mu tí owó bá ń wọlé láìsí òun níbẹ̀. Tiwa náà kọ̀ bẹ́ẹ̀. A sọ fún un pé kó ṣì máa wá sí ìsọ̀ ní àkókò ẹ̀. Níwájú ẹ̀ lẹ ó ti fi owó ránṣẹ́, òun náà á yẹ báláǹsì ẹ̀ wò, á sì fi bírò sàmì sí káàdì yín bó ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá. Káàdì ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Kí Mọ́mì sì bi í bóyá ó lè máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ dípò ojoojúmọ́, kí owó ìfiránṣẹ́ lè dín kù. Tiwa gbà lóṣù kejì.